Ilẹ̀ Àjọní, Ilé Ara Ẹni: Ohun Tó Yẹ Kí Màlété Rántí

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ṣàó lọ sí Màlété ṣáájú ọdún 2009, tó tún wá gbà á lónìí, ẹnu á yà á. Ibi tí a mọ̀ sí ebè iṣu àti oko gbágùúdá ti di ilé bulọ́ọ̀kù. Yàrá tò lọ bẹẹrẹbẹ, páànù tuntun ń kọ mànà nínú oòrùn, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé yàrá wà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìlú àgbẹ̀ ni Màlété tẹ́lẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Móro, kò sì jìnnà sí Ìlọrin. Ní 2009 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwárà dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì fi olú ọgbà rẹ̀ sí. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ti ń ya wọ ìlú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì rí ibùsùn nínú ọgbà ilé ìwé. Àárín ìlú ni wọ́n ti ń wá yàrá.

A kò bá yunifásítì jà o. Ta ni kò fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ gíga wà nítòsí òun? Ọjà ń tà, ọlọ́kadà ń rówó, ìyá tó ń dín àkàrà kì í gbé àkàrà rẹ̀ délé mọ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a fẹ́ sọ, nítorí pé ibi tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ń gbà lọ kò dára.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ìdílé kan, ìdílé tó lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wa. Bàbá ní oko lẹ́bàá ọ̀nà. Ọdún kẹta tí yunifásítì dé, ẹnìkan wá láti ìgboro, ó ní òun fẹ́ púlọ́ọ̀tì méjì. Bàbá tà á, ó fi páànù tuntun bo ilé, ó fi ìyókù san owó ilé ìwé. Ọdún kejì, wọ́n fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, wọ́n tún ta méjì. Lẹ́yìn náà àìsàn dé, wọ́n tún tà. Ẹni tó rà á kọ́ ogún yàrá sórí rẹ̀, ó ń gbowó rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọmọ-ọmọ bàbá yẹn ti di géńdé báyìí, ó ń tún ọ̀kadà ṣe, ó fẹ́ fẹ́yàwó, ó ń wá yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀. Owó tí òbí akẹ́kọ̀ọ́ láti Èkó tàbí Abuja lè san ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó ilé nílùú. Apá ọmọ náà kò ká a. Bó bá rí yàrá pàápàá, ó lè jẹ́ pé orí oko bàbá bàbá rẹ̀ gan-an ni yàrá ọ̀hún wà. Báyìí ni ọmọ onílẹ̀ ṣe ń di ayálégbé lórí ilẹ̀ baba rẹ̀.

Àwọn kan á ní, ṣebí òun ló tà á, kí ló tún ń sunkún sí? Òótọ́ ni pé òun ló tà á. Àmọ́ àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn díẹ̀. Ṣé ìgbà kan wà rí tí ènìyàn lè ní ilé tirẹ̀ láìra ilẹ̀, tí ìdílé sì lè gba àlejò láìta ilẹ̀? Ó wà. Àwa la gbàgbé.

Ilé ọ̀tọ̀, ilẹ̀ ọ̀tọ̀

Ní 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀rí tí a mọ̀ jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n gbọ́ ni ti ọba kan láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ẹlẹ́sì ti Òdogbolú. Ohun tó bá wọn sọ ni pé ìdílé ńlá kan ló ni ilẹ̀, pé ọ̀pọ̀ nínú ìdílé náà ti kú, díẹ̀ ló wà láàyè, àwọn tí a kò tíì bí kò sì lóǹkà. Ọ̀rọ̀ yẹn ti di ohun tí àwọn agbẹjọ́rò ń tọ́ka sí káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọ́n orí ọba kan ṣoṣo. Bí gbogbo ilé ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ẹ wo bí ó ṣe ń lọ. Ọmọ ilé tó bá dàgbà tó fẹ́ kọ́lé, olórí ẹbí ló ń fi ibi tó máa kọ́ ọ sí hàn án. Kò san kọ́bọ̀ fún ilẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bá a pọn omi, wọ́n á bá a po amọ̀, wọ́n á bá a mọ ọ́n. Ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Òun náà á se oúnjẹ fún wọn, lọ́jọ́ mìíràn á lọ bá ẹlòmíràn ṣe tirẹ̀. Ilé tó kọ́ di tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè lé e jáde níbẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò di tirẹ̀ títí láé. Kò lè tà á. Bí ó bá kó kúrò pátápátá, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ẹbí.

Àlejò náà ní tirẹ̀. Ó á gbé obì wá, ó á rí baálé, wọ́n á fi ibi tó máa dáko àti ibi tó máa kọ́lé sí hàn án. Lọ́dọọdún, ó á mú díẹ̀ nínú irè oko wá: iṣu díẹ̀, àgbàdo díẹ̀, epo. Iṣákọ́lẹ̀ là ń pè é. Kì í ṣe owó ilẹ̀, nítorí kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí oko ń mú wá. Ẹ̀rí ni, láti fi hàn pé àlejò mọ̀ pé ilẹ̀ ní olóhun. Ilé tí àlejò kọ́, tirẹ̀ ni. Igi tó gbìn, bí wọ́n bá ti jọ ṣàdéhùn rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ilẹ̀ nìkan ni kì í ṣe tirẹ̀.

Ní ìlú, ilé ìdílé ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà mọ̀, Lewis àti Bankole, tí kóòtù dá ní Èkó ní 1908. Bàbá kan tó ń jẹ́ Mabinuori ti kú láti 1874, ó fi agbo ilé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá ń bá ara wọn fà á lórí rẹ̀. Kóòtù wo àṣà Yorùbá, ó ní ilé ìdílé ni, ohun ìní gbogbo ọmọ lápapọ̀ ni, kì í ṣe ti ẹnìkan. Ó tún sọ nǹkan tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò fẹ́ gbọ́ títí dòní: ọmọ tó dàgbà jù lè jẹ́ olórí ẹbí, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, opó tí ọkọ kú fún, ọmọ tó ń bọ̀ láti ìdálẹ̀ láìní náírà kan, yàrá kan ń dúró de gbogbo wọn nílé ìdílé. Kó tó di pé ìjọba kankan ń pariwo ilé olówó pọ́ọ́kú, a ti ní in.

Ṣùgbọ́n ká má purọ́ fún ara wa. Ayé àtijọ́ kì í ṣe párádísè. Ní àyíká Ìlọrin, lẹ́yìn tí Àfọ̀njá ti lọ tí àwọn ọmọ Àlímì sì jọba, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oko tó yí ìlú ká bọ́ sábẹ́ Ẹ́mìà, àwọn Balógun àti àwọn ilé ńláńlá ní ìgboro. Àwọn tó ń ro oko kì í ṣe àwọn tó ń jẹ èrè rẹ̀ tán, ẹrú sì wà nínú wọn. Ní Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣákọ́lẹ̀ wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ ní 1981, torí pé àlejò tó ti gbé ibì kan láti ìran dé ìran kò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní àlejò mọ́. Ilẹ̀ àjọní tí kò bá fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń gbé orí rẹ̀ láti sọ̀rọ̀, ìjà ló ń bí. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Bí òfin ṣe gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa, tó ní òun ń bá wa tọ́jú rẹ̀

Ní Èkó, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà ní 1861, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní ìwé ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti kọ́kọ́ di ọjà tí ẹnìkan lè gbé sí báńkì fi yáwó. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ní Apapa. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa Èkó, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà bó ṣe yẹ. Ìjọba ní rárá, pé owó orí ilẹ̀ tó ń gbà nìkan ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Olóyè náà gbé ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, ilé ẹjọ́ ìgbìmọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ fún un: ìlú ló ni ilẹ̀, olóyè ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn ni, owó gbogbo rẹ̀ ni kí ìjọba san. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀ ní Èkó.

Ṣùgbọ́n Màlété kò sí lábẹ́ ẹjọ́ yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í rántí nìyí. Yorùbá ni à ń sọ ní Móro àti Ìlọrin, àmọ́ òkè ọya ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kà wá mọ́. Ọ̀tọ̀ sì ni òfin ilẹ̀ tiwọn. Ní 1910 ni wọ́n ti ṣe òfin tó fi ilẹ̀ Àríwá sábẹ́ àṣẹ gómìnà, wọ́n sì tún un ṣe ní 1916. Òfin 1916 ní ilẹ̀ wà lọ́wọ́ gómìnà fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ ilẹ̀ Àríwá lápapọ̀. Nígbà tí òmìnira dé, ìjọba Àríwá gbé ọ̀rọ̀ náà sínú òfin tirẹ̀ ní 1962. Ní oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ wá nà án dé gbogbo Nàìjíríà: ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ gómìnà, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Òfin Ìlò Ilẹ̀ nìyẹn. Òfin ológun ni, síbẹ̀ àwọn tó kọ òfin ìpìlẹ̀ fi okùn so ó mọ́ ọn, kò rọrùn láti tú.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Nínú ìwé, gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà jẹ́ ilẹ̀ tí a fi síkàáwọ́ ẹnìkan nítorí gbogbo wa. Gómìnà ni alágbàtọ́. Bó bá jẹ́ pé ohun tó wà nínú ìwé ló ń ṣẹlẹ̀, kò yẹ kí mẹ̀kúnnù máa wá ibi tó máa kọ́lé sí. Kí ló dé tí kò rí bẹ́ẹ̀?

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé òfin náà kò ka ilẹ̀ gbalasa sí owó. Bí ìjọba bá gba oko rẹ fún iṣẹ́ ìlú, ó máa san owó ilé tó wà lórí rẹ̀ àti owó irè tí o gbìn. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní owó kankan. Nítorí náà, bí àgbẹ̀ bá ti gbọ́ pé ìjọba ń bọ̀, á sáré tà á fún ẹni tó bá gbé owó wá. Ó sàn kí n jẹ díẹ̀ ju kí n má jẹ rárá lọ, bó ṣe ń rò ó nìyẹn.

Ìdí kejì, ìwé tí gbogbo wa ń pè ní C of O, owó àti ìrìn tó ń ná ni kò jẹ́ kí tálákà lè gbà á. Àwọn tó lówó ló ń gbà á. Ẹni tí kò ní in, àgrímẹ́ǹtì tí wọ́n tẹ̀ ní ìsọ̀ akọ̀wé ló ń kó sábẹ́ àpótí.

Ìdí kẹta ló dùn wá jù. Abala 36 nínú òfin yẹn dá ilẹ̀ oko ìgbèríko sí fún ẹni tó ń ro ó. Ó ní kó máa lò ó lọ. Ó sì tún ní kò gbọ́dọ̀ gé e ní púlọ́ọ̀tì, kò gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ wá wo etí ọ̀nà gbogbo ìlú tí yunifásítì wà ní Nàìjíríà, kí ẹ sọ fún wa bóyá ẹnikẹ́ni ti ka abala yẹn rí. Òfin kọ̀ kí wọ́n tà á, kò sì fi ọ̀nà mìíràn hàn wọ́n tí owó lè gbà wọlé. Ọjà wá ń ná lábẹ́lẹ̀. Ọjà abẹ́lẹ̀ sì rèé, ẹni tó gbọ́n jù ló ń jèrè, kì í ṣe ẹni tó ni ilẹ̀. Kóòtù tó ga jù nígbà náà sọ ọ́ ní 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, pé bí ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí nínú rẹ̀, òfo ni títà náà, bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, wọ́n lè yí i padà. Mélòó nínú wa ló mọ̀? Ìgbà tí bulọ́ọ̀kù bá ti dé fẹrẹsé ni ẹbí máa ń jí.

Àwọn tó tún un gbé dìde níbòmíràn

Ní 1969, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú kóra jọ. Lákòókò ìjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, onílẹ̀ aláwọ̀ funfun lè lé ìdílé kan jáde lóru nítorí pé bàbá wọn forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Charles Sherrod, Shirley ìyàwó rẹ̀, Slater King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i pé ẹni tí kò ní ilẹ̀ kò ní ẹnu. Wọ́n ra ilẹ̀ tó lé ní 5,000 éékà, wọ́n pè é ní New Communities. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé ẹgbẹ́ ló máa ni ilẹ̀ títí láé, ẹnì kọ̀ọ̀kan máa yá ibi tó fẹ́ kọ́lé sí fún ọdún gbọọrọ, ilé á jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí àwọn Òyìnbó wá ń pè ní community land trust nìyẹn. Nígbà tí a kọ́kọ́ ka ìtàn náà, ẹ̀rín pa wá. Obì àti iṣákọ́lẹ̀ nìkan ló kù!

Kò rọrùn fún wọn. Gómìnà ìpínlẹ̀ náà dí owó tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fún wọn lọ́nà. Ọ̀dá dé, wọn kò rí owó yá lásìkò bí àwọn àgbẹ̀ funfun ṣe ń rí i, gbèsè sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn ní 1985. Ìgbà tó di 2009 ni wọ́n jàre nínú ẹjọ́ tí àwọn àgbẹ̀ dúdú pè, wọ́n san mílíọ̀nù dọ́là bíi 12 fún wọn, wọ́n sì fi ra ilẹ̀ mìíràn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ àjọní tí wọ́n fi dúró fún gbèsè lè bọ́ lọ́wọ́ gbogbo àjọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìlú Burlington ní Vermont bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1984, nígbà tí Bernie Sanders jẹ́ olórí ìlú náà, tí ìlú sì fi 200,000 dọ́là ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Níbẹ̀, ènìyàn ra ilé, kò ra ilẹ̀. Bó bá fẹ́ tà á, á gba owó tó san padà, pẹ̀lú ìdá mẹ́rin kan nínú èrè tó gun orí rẹ̀. Èrè yòókù dúró sínú ilé náà kí owó rẹ̀ má bàa ju ti ẹni tó kàn lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé kò pàdánù, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò pàdánù.

Ní Kenya, tó sún mọ́ tiwa jù, àwọn ará àdúgbò Tanzania-Bondeni ní ìlú Voi ń gbé lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn, ẹ̀rù ń bà wọ́n lójoojúmọ́ pé wọ́n máa lé àwọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìjọba àti àwọn ará Jámánì gbé ètò àtúnṣe ìlú kéékèèké wá. Wọ́n gbé oríṣiríṣi ìwé ilẹ̀ síwájú wọn, wọ́n ní kí wọ́n mú. Àwọn ará àdúgbò kò mú púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní bí wọ́n bá fún àwọn ní ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn olówó yóò rà á tán. Ilẹ̀ àjọní ni wọ́n mú. Òfin Kenya kò ní orúkọ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọ́n bá so ẹgbẹ́ àwọn olùgbé pọ̀ mọ́ àwọn alágbàtọ́, ilẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn alágbàtọ́, ilé wà lọ́wọ́ onílé.

Ní San Juan, Puerto Rico, àwọn ìlú kéékèèké tó wà lẹ́bàá omi Caño Martín Peña gbọ́ pé ìjọba fẹ́ gbẹ́ omi náà. Wọ́n mọ̀ pé bí omi bá ti mọ́, ilẹ̀ á gbówó lórí, wọ́n á sì lé àwọn lọ. Wọ́n jà títí òfin fi jáde ní 2004, tó fi ilẹ̀ bíi 200 éékà sọ́wọ́ àjọ tiwọn. Ní 2009, ìjọba mìíràn gbà á padà. Wọ́n tún jà, wọ́n sì dá a padà fún wọn ní 2013.

Ẹ fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Máróko ní Èkó. Ní oṣù keje ọdún 1990, wọ́n wó ilé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn lulẹ̀. Àwọn ìdílé tó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kò ní ìwé àjọní kankan tí wọ́n lè gbé síwájú adájọ́. Ilé olówó ńlá ló wà níbẹ̀ báyìí.

Kí ni Màlété lè ṣe?

Ilẹ̀ ṣì kù. Ìyẹn la fi ń kọ èyí. Ní Èkó, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ní Màlété àti àwọn abúlé tó yí i ká, ẹbí ṣì wà tó ní oko tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi okùn wọ̀n.

Ẹbí bẹ́ẹ̀ lè jókòó, kí wọ́n yọ apá kan nínú ilẹ̀ wọn sọ́tọ̀, kí wọ́n sọ pé a kò ní ta èyí láé. Kí wọ́n dá àjọ sílẹ̀, kí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjọ alágbàtọ́. Òfin ilé iṣẹ́ àti àjọ ti 2020 fàyè gba èyí, bó ṣe ń fàyè gba ìjọ, mọ́sálásí àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí wọ́n ti ń fi í ní ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àjọ yẹn ni kó gba ìwé ilẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní orúkọ ara rẹ̀, ìwé kan ṣoṣo, kí gbogbo wọn dá owó rẹ̀. Ìwé kan tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn dá owó rẹ̀ kì í wọ́n bíi ọgọ́rùn-ún ìwé.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pín ilẹ̀ náà sí ọ̀nà méjì. Apá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, kí wọ́n yá a fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́, fún iye ọdún kan, kó máa san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ọdún náà bá pé, ilẹ̀ padà sílé. Apá kejì, kí àwọn ọmọ ìlú àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kọ́lé sí i: tíṣà, nọ́ọ̀sì, télọ̀, ọlọ́kadà, ìbáà jẹ́ ọmọ ìlú, ìbáà jẹ́ àlejò. Ilé di tiwọn, wọ́n lè fi jogún fún ọmọ. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á, àjọ ni wọ́n kọ́kọ́ máa fi lọ̀, ní iye tí gbogbo wọn ti fẹnu kò sí tẹ́lẹ̀. Owó tó ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n á fi ṣe ọ̀nà, tí wọ́n á fi gbẹ́ kànga.

A mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní ta ni máa jókòó lórí owó náà tí kò ní jẹ ẹ́? Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe àbùkù. Olórí ẹbí tó ń dá ilẹ̀ tà lóru lónìí lè di alága tó ń dá owó jẹ lọ́la. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ti ṣe é níbòmíràn fi máa ń pín ìgbìmọ̀ sí mẹ́ta: ìdá kan fún àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà, ìdá kan fún àwọn aládùúgbò, ìdá kan fún àwọn tó mọ òfin àti ìṣirò. Ní tiwa, ẹ fi ẹbí tó ni ilẹ̀ kún un, ẹ má sì yọ obìnrin sílẹ̀, kóòtù ti sọ ọ́ láti 1908. Bí àlejò bá ní àga lórí ìgbìmọ̀, ìjà Mọdákẹ́kẹ́ kò ní rí ibi wọlé.

Wọ́n á tún ní báńkì kò ní yá ènìyàn lówó lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bóyá. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn àgbẹ̀ Móro ni báńkì ti yá lówó ilé rí? Àjọ àti èésú la fi ń kọ́lé, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì ti wà lábẹ́ òfin Nàìjíríà láti 1935. Owó bẹ́ẹ̀ kì í béèrè ilẹ̀. Ìtàn Georgia ti kọ́ wa pé ó sàn kí ilẹ̀ àjọní jìnnà sí gbèsè.

Wọ́n á ní àbá yìí kò lè dé gbogbo Nàìjíríà. A kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí ìdílé mẹ́ta bá ṣe é ní Màlété kí bulọ́ọ̀kù tó dé oko wọn, ọmọ-ọmọ tó ń tún ọ̀kadà ṣe yẹn á rí ibi tó máa gbé ìyàwó rẹ̀ sí. Bí ìdílé mẹ́ta bá ṣe é, ẹ̀kẹrin á wá wò ó.

Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹni tó ń ta púlọ́ọ̀tì lónìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì ṣe òmùgọ̀. Òun nìkan ló dá dúró níwájú ẹni tó gbé owó wá. Bó bá jẹ́ pé àjọ wà lẹ́yìn rẹ̀, á lè sọ fún ẹni náà pé kó kọ́ ilé rẹ̀, kó máa san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún, àmọ́ ilẹ̀ náà kò sí fún títà, torí àwọn tó ni ín kò tíì pé jọ tán. A kò tíì bí púpọ̀ nínú wọn.